Bí Ajẹntínà àti Super Eagles Ṣe Já Wa Kulẹ̀ ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2002

Ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 2001 ni wọ́n ṣẹ́ gègé ní ìlú Busan ní Gúúsù Kòríà, tí wọ́n fi pín orílẹ̀-èdè 32 sí ìsọ̀rí mẹ́jọ fún Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún tó tẹ̀ lé e, tí Gúúsù Kòríà àti Jàpáánì jọ gbàlejò rẹ̀. Ìsọ̀rí F ló mú gbogbo ayé lanu: Ajẹntínà, Nàìjíríà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Swídìn. Kíá ni wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n ní ìsọ̀rí ikú ni. Ẹ̀rù ba àwọn kan. Inú tiwa dùn, àwa ọ̀dọ́ kan ní Ìbàdàn tí a kì í fi ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ṣeré, nítorí méjì nínú mẹ́rin yẹn, tiwa ni. Super Eagles la bí wa mọ́, Ajẹntínà la fọwọ́ ara wa mú. A ti ṣírò rẹ̀ tán lọ́kàn wa pé àwọn méjèèjì ni yóò bọ́ sí ìpele kejì, kí àwọn méjì tó kù máa lọ sílé.

Oṣù Kẹfà ọdún 2002 kò tíì dé àárín tí àwọn méjèèjì fi di ẹrù wọn. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀, nítorí pé títí dòní, bí àwọn èèyàn bá ń sọ ọ́, ńṣe ni wọ́n máa ń da ìjákulẹ̀ méjèèjì pọ̀ mọ́ra. Wọn ò jọra lójú mi. Ti Ajẹntínà dùn mí. Ti Super Eagles bí mi nínú, kò sì tíì tán nínú mi.

Ẹni tí kò bá mọ̀ lè béèrè pé kí ló pa ọmọ Ìbàdàn pọ̀ mọ́ Ajẹntínà. Orí pápá la ti mọra. Ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1994, Samson Siasia ló kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n wọn, kí Claudio Caniggia tó fi méjì dá a lóhùn. Lọ́dún 1996, ní àṣekágbá Òlíńpíìkì, wọ́n ti ń fi góòlù méjì sí ọ̀kan nà wá kí Daniel Amokachi tó sọ ọ́ di ọ̀mì, tí Emmanuel Amuneke sì parí rẹ̀ nígbà tí eré fẹ́ẹ̀ tán. Mẹ́ta sí méjì, wúrà di tiwa. Àwọn ọmọ tí a ṣẹ́gun lọ́jọ́ yẹn la wá ń wò bí wọ́n ṣe ń dàgbà ní Yúróòpù: Hernán Crespo, Ariel Ortega, Javier Zanetti, Roberto Ayala, Diego Simeone. Gabriel Batistuta ò sí lára wọn ní 1996, ṣùgbọ́n òun gan-an ló gba ọkàn wa. Kò sí ọmọ àdúgbò wa tó lè ta bọ́ọ̀lù tó le kó má pariwo "Batigol!" tẹ̀ lé e.

Nígbà tó fi máa di 2002, kò sí ikọ̀ tó dà bí tiwọn. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 18 tí wọ́n gbá láti yege ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n fìdí rẹmi. Àmì 43 ni wọ́n kó jọ. Bràsíl, tó padà wá gba ife ọ̀hún, 30 péré ló ní. Nílé wọn, nǹkan ò rọgbọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2001, owó àwọn aráàlú há sí báńkì, rògbòdìyàn gba ìgboro, Ààrẹ Fernando de la Rúa sì fi hẹlikópítà kúrò nílé ìjọba. Ikọ̀ tí Marcelo Bielsa ń kọ́ yìí wà lára ìwọ̀nba ohun tó kù tí wọ́n lè fi yangàn. Kò sí ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n ní láti túmọ̀ ìyẹn fún.

Tiwa ńkọ́? Ibí ni inú ti ń bí mi.

Ní oṣù Keje ọdún 2001, Shaibu Amodu ló kó Super Eagles lọ sí Port Harcourt, tí wọ́n na Gánà ní góòlù mẹ́ta sí òdo, tí a sì rí tíkẹ́ẹ̀tì Jàpáánì gbà. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà ni Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ ní Málì. A débi ìpele tó kángun sí àṣekágbá, Sẹ̀nẹ̀gàl sì fi góòlù méjì sí ọ̀kan yọ wá nínú àfikún àkókò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti lé ẹnì kan wọn jáde. Ipò kẹta la gbà. Àríyànjiyàn owó wà láàárín àwọn agbábọ́ọ̀lù àti àwọn aláṣẹ, kò sí ẹni tí kò gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe: wọ́n lé Amodu, wọ́n tú ikọ̀ náà ká, wọ́n sì gbé e lé Adégbóyè Onígbìndé lọ́wọ́ nígbà tó ku nǹkan bí oṣù mẹ́rin kí ìdíje bẹ̀rẹ̀. Sunday Oliseh tó jẹ́ balógun ikọ̀ ní Málì ò lọ sí Jàpáánì. Finidi George ò lọ.

Mi ò ní fi Bàbá Onígbìndé ṣe ẹni tó jẹ̀bi. Ọmọ Modákẹ́kẹ́ tó kó Nàìjíríà dé àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà lọ́dún 1984 ni, òun sì ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó kó wa lọ sí Ife Àgbáyé; Clemens Westerhof àti Bora Milutinović, òyìnbó làwọn méjì tó ṣáájú rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá gbé ilé tó ti wó lé lọ́wọ́ pé kó fi oṣù mẹ́rin kọ́ ọ, ibi tó bá bá a dé, ká kí i. Ó fi àwọn ọmọdé rọ́pò àwọn àgbà: Julius Aghahowa, Joseph Yobo, Bartholomew Ogbeche, Vincent Enyeama. Jay-Jay Okocha di balógun. Nwankwo Kanu, Taribo West àti Celestine Babayaro ṣì wà níbẹ̀ nínú àwọn ará 1996.

Ìbànújẹ́ mìíràn tún ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún, Mínísítà fún ọ̀rọ̀ eré ìdárayá, Ishaya Mark Aku, wà nínú ọkọ̀ òfuurufú tó já lulẹ̀ ní Kano. Èkó ló ń lọ, láti wo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìdágbére Super Eagles pẹ̀lú Kẹ́ńyà. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó wà nílẹ̀ níbi tí ọkọ̀ náà já sí ló bá a lọ. Báyìí la ṣe sin ikọ̀ wa lọ sí Ife Àgbáyé.

Ìdíje bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ní Seoul, Faransé pẹ̀lú Sẹ̀nẹ̀gàl, ọjọ́ Jímọ̀, ní aago méjìlá ààbọ̀ ọ̀sán tiwa. Faransé ló gba ife ọdún 1998, àwọn náà ló gba ti Yúróòpù lọ́dún 2000. Thierry Henry ló gbá góòlù jù ní líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún yẹn. Kò sí ẹni tó ju David Trezeguet lọ ní Ítálì, kò sì sẹ́ni tó ju Djibril Cissé lọ ní Faransé. Nígbà tó fi máa di aago kan, tí ìrun Jímọ̀ ń lọ lọ́wọ́, Papa Bouba Diop ti wà nílẹ̀ gbalaja níwájú ilé Fabien Barthez, ó nasẹ̀, bọ́ọ̀lù wọlé. Àwọn ọmọ Sẹ̀nẹ̀gàl tẹ́ aṣọ Diop sílẹ̀ lẹ́bàá àsíá kọ́nà, wọ́n ń jó yí i ká. Gbogbo mọ́kànlá tó bẹ̀rẹ̀ eré fún Sẹ̀nẹ̀gàl lọ́jọ́ náà, ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù jẹun. Inú wa dùn dé góńgó. Faransé gbá ọ̀mì pẹ̀lú Úrúgúáì, Dẹ́nmáàkì sì fi méjì lé wọn jáde. Wọn ò gbá ẹyọ góòlù kan kí wọ́n tó lọ sílé.

Ó yẹ kí n ti ka ti Faransé sí àmì. Ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún ni Zinedine Zidane, ìràwọ̀ ikọ̀ wọn, gbá àṣekágbá Champions League ní Glasgow, ọjọ́ 26 ló farapa nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọlọ́rẹ̀ẹ́sọ́rẹ̀ẹ́ pẹ̀lú Gúúsù Kòríà. Ọjọ́ 16 péré ló wà láàárín àṣekágbá yẹn àti ìbẹ̀rẹ̀ Ife Àgbáyé. Àwọn ẹsẹ̀ tó ti fi oṣù mẹ́wàá sáré ni wọ́n kó wá sí Éṣíà. Juan Sebastián Verón tiwa ní Ajẹntínà náà ti lo ọdún tí kò dára fún un ní Manchester United.

Ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà bọ́ sí ọjọ́ Ìsinmi. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni Ajẹntínà àti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní Kashima. Àwọn ìyá ti wẹ̀, wọ́n ti ń wé gèlè, wọ́n sì dúró sẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń wo tẹlifíṣọ̀n. Ayala farapa níbi tí wọ́n ti ń gbóná ara kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kò sì gbá bọ́ọ̀lù kankan nínú ìdíje náà. Ike Shorunmu mú èyí tó lè mú. Ní ìṣẹ́jú 63, Verón gbá kọ́nà, ó kọjá lórí gbogbo èèyàn, Batistuta sì fi orí kàn án wọlé láti òpó kejì. Mo fẹ́ràn ẹni tó gbá a, mo kórìíra ibi tó gbá a sí. Ọ̀kan sí òdo ló parí sí. A ní kò burú, ẹni tí wọ́n ń pè ní àgbà ló nà wá, a ṣì ní méjì nílẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ 7, lọjọ́ tí mi ò lè gbàgbé.

Àwa àti Swídìn ló kọ́kọ́ gbá, ní Kobe, aago méje ààbọ̀ àárọ̀. Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan la kóra jọ sí. Tẹlifíṣọ̀n kékeré kan wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí, nítorí náà ẹni tí kò bá rí ojú rẹ̀ ń wò ó nínú dígí, gbogbo nǹkan wá ń lọ sódì fún un. Ní ìṣẹ́jú 27, Yobo gbé bọ́ọ̀lù wọlé láti apá ọ̀tún, Aghahowa fò, ó forí kàn án. Góòlù! Ó bẹ̀rẹ̀ sí í takìtì lórí pápá, ó ń ta á léraléra bí ẹni pé kò ní dúró mọ́. Oníbàárà kan tí wọ́n ti fá ẹ̀gbẹ́ kan orí rẹ̀ fò dìde lórí àga pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn, ó sá jáde sójú títì.

Iná lọ. Kí wọ́n tó fa jẹnẹrétọ̀ kékeré tó wà lẹ́yìnkùlé, Henrik Larsson ti dá a padà. Lẹ́yìn ìsinmi, wọ́n fún Swídìn ní pẹ́nárítì, Larsson náà ló gbá a, ní ìṣẹ́jú 62. Méjì sí ọ̀kan. A wo ìṣẹ́jú tó kù láìsọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ wa sáré, Okocha gé wọn síhìn-ín sọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó máa mú àárín dúró. Iṣẹ́ Oliseh nìyẹn. Ojú lásán ni mo fi rí i, mo sì mọ̀ pé àwọn tó fi í sílé náà ń rí i níbi tí wọ́n jókòó sí. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì, òdo àmì. A ti jáde.

Mo dìde pé kí n máa lọ. Ẹ̀gbọ́n tó ni ṣọ́ọ̀bù ní, "Àbúrò, níbo lò ń lọ? Ajẹntínà ń bọ̀ lọ́sàn-án."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ti sú mi."

Wọ́n ní, "Jókòó jàre. Inú kan ò lè bà jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan."

Ó lè bà jẹ́ o. Ní aago méjìlá ààbọ̀, Ajẹntínà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ pápá alórùlé tó wà ní Sapporo. Ogun Malvinas ọdún 1982 wà láàárín àwọn méjèèjì, ọwọ́ tí Maradona fi gbá bọ́ọ̀lù wọlé lọ́dún 1986 wà níbẹ̀, kàádì pupa tí David Beckham gbà nítorí Simeone ní 1998 náà wà níbẹ̀. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú kan kí wọ́n lọ sinmi, Michael Owen wọ inú ilé, Mauricio Pochettino na ẹsẹ̀, Owen ṣubú, rẹfirí Pierluigi Collina nàka sí ojú àmì pẹ́nárítì. Beckham gbá a sáàárín gbọnrangandan. Láti ìgbà yẹn títí dópin, òdìkejì ni gbogbo bọ́ọ̀lù ń lọ. Bielsa yọ Verón lẹ́yìn ìsinmi, ó fi Pablo Aimar sí i, ó yọ Batistuta fún Crespo. Wọ́n kàn án, wọ́n ta á, wọ́n gbé e wọlé láti ọ̀tún àti òsì. Àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì to ara wọn síwájú David Seaman, bọ́ọ̀lù ò rí ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n pa tẹlifíṣọ̀n náà fúnra wọn.

Ohun tó wá kù nílẹ̀ fún ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ni mi ò rí kí ọ̀pọ̀ èèyàn máa rántí. Ọjọ́ náà fúnra rẹ̀ wúwo nílẹ̀ Yorùbá, ọjọ́ tí a fi ń rántí MKO Abíọ́lá ni. Swídìn ní àmì mẹ́rin, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní mẹ́rin, Ajẹntínà ní mẹ́ta. Àkókò kan náà ni wọ́n máa gbá méjèèjì, Ajẹntínà àti Swídìn ní Miyagi, Nàìjíríà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Osaka. Bí Ajẹntínà bá borí, ọ̀rọ̀ tán. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbá ọ̀mì kan sí kan, Super Eagles ṣì lè gbà wọ́n là, bí a bá fi góòlù méjì sí òdo na ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀kan sí òdo ò lè tó: àmì wọn ì bá dọ́gba, góòlù tí wọ́n gbá àti èyí tí wọ́n jẹ ì bá dọ́gba, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ì bá sì tún kọjá nítorí pé wọ́n ti na Ajẹntínà. Góòlù méjì. Ọ̀kan nínú àwọn tí mo fẹ́ràn, tó ti kú tán, lè jí èkejì dìde.

Onígbìndé fi àwọn ọmọdé síwájú. Enyeama, ọmọ ọdún 19, ló ṣọ́lé. Fẹ́mi Ọ̀pábùnmi ti Shooting Stars tiwa níbí wọ pápá ní ọmọ ọdún 17, ọ̀kan nínú àwọn tó kéré jù lọ́jọ́ orí tó tíì gbá bọ́ọ̀lù ní Ife Àgbáyé. Oòrùn Osaka mú ganrínganrín. Paul Scholes ta bọ́ọ̀lù kan láti ọ̀nà jíjìn, Enyeama fi ìka kàn án, ó lu òpó. Òdo sí òdo ló parí sí. Inú mi dùn sí àwọn ọmọ yẹn lọ́jọ́ náà, mo sì gbà pé ọjọ́ yẹn la rí ohun tí ikọ̀ náà ì bá jẹ́ ká ní wọ́n ti kọ́ wọn fún ọdún kan.

Ní Miyagi, Bielsa tún yọ Batistuta fún Crespo ní ìṣẹ́jú 58. Ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn ẹ̀, Anders Svensson fi fíríkíkì kan gba òkè orí àwọn tó tò síwájú wọlé. Ìgbà tó di ìṣẹ́jú 88, Ajẹntínà rí pẹ́nárítì, Ortega gbá a, Magnus Hedman lé e padà, Crespo sáré wọlé ó gbá a sáwọ̀n. Kan sí kan. Iye tí mo ṣírò gan-an ni, ṣùgbọ́n góòlù méjì Osaka ò wá. Ẹ̀rọ ayàwòrán nàró sójú Batistuta níbi tí wọ́n jókòó sí, omijé ń ṣàn lójú ẹ̀. Góòlù mẹ́wàá ló gbá ní Ife Àgbáyé mẹ́ta. Kò wọ aṣọ Ajẹntínà mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Mo ti gbọ́ oríṣiríṣi àlàyé nípa Ajẹntínà. Òótọ́ ni pé Bielsa kì í fi Batistuta àti Crespo síwájú pọ̀. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀kan ló ń jáde kí èkejì tó wọlé, kódà nígbà tí góòlù ń wọ́n wọn bí omi ẹ̀ẹ̀rùn. Ó fi Juan Román Riquelme àti Javier Saviola sílé. Ó gbé Caniggia, ọmọ ọdún 35, lọ, wọ́n sì fún un ní kàádì pupa lórí bẹ́ǹṣì nígbà tí kò tíì gbá bọ́ọ̀lù kan. Mo bá a jà lọ́kàn mi lórí gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀, bí wọ́n ṣe gbá bọ́ọ̀lù ní ìyege, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n gbá a ní Jàpáánì, wọ́n ń wá góòlù láti ìṣẹ́jú kìíní dé òpin. Ẹni tó bá fìdí rẹmi lórí ohun tó gbà gbọ́, mo lè bá a sunkún.

Pọ́túgà, Ítálì àti Sípéènì náà bá tiwọn pàdé nínú ìdíje náà, Gúúsù Kòríà ló sì lé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, pẹ̀lú ìpinnu rẹfirí tí àwọn ará Ítálì àti Sípéènì ṣì ń bá jà dòní. Bràsíl ló gbé ife, góòlù méjì Ronaldo lórí Jámánì ní Yokohama. Mo wò ó, mo pàtẹ́wọ́, ọkàn mi ò sí níbẹ̀.

Ohun tó ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ ni ohun tó tẹ̀ lé e. Ajẹntínà ò lé Bielsa. Wọ́n jẹ́ kó máa bá iṣẹ́ lọ, ó kó wọn dé àṣekágbá Copa América lọ́dún 2004, ó sì gba wúrà Òlíńpíìkì ní Athens lọ́dún yẹn kan náà, wúrà bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí orílẹ̀-èdè náà gbà. Lọ́dọ̀ tiwa, Onígbìndé ò pẹ́ níbẹ̀. Christian Chukwu gba iṣẹ́ náà, ipò kẹta la tún gbà ní Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà lọ́dún 2004 ní Tunísíà, gẹ́gẹ́ bí ti Amodu ní Málì. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2005, Àǹgólà wá sí Kano, Okocha gbá góòlù kan, wọ́n dá a padà, ọ̀mì kan sí kan. Ìgbà tí ìyege parí, àmì 21 làwa ní, àmì 21 ni wọ́n ní, ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ́kọ́ nà wá ní Luanda, àwọn ló sì lọ sí Jámánì lọ́dún 2006. Kí ìyege náà tó parí, wọ́n ti lé Chukwu náà.